Elégédé Alága

Ẹ dìde dúró kí n tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó dùbúlẹ̀ ka ìwé yìí, kí ó dìde. Ẹni tí ó ń jẹun lọ́wọ́, kí ó gbé òkèlè sílẹ̀ ná. Ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó gbọ́ orúkọ òun. Orúkọ náà rèé: Alhaji Ṣítù, Alága Àpapọ̀ Ẹgbẹ́ Olóko Largo àti Agbègbè Rẹ̀, Olùdarí Ìlà Mẹ́rìnlélógún, Baba Gbogbo Ohun Tí Ń Hù. Ẹ má tíì jókòó o. N óò sọ fún yín tí ó bá tó àsìkò.

Ilẹ̀ tí ó ń darí yìí kò ju ibi tí àwọn ọmọdé lè gbá bọ́ọ̀lù lọ. Ìjọba kántì, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ ti Amẹ́ríkà, ni ó ni ín. Wọ́n pín in sí ojú oko mẹ́rìnlélógún fún ará àdúgbò tí ó bá fẹ́ gbin nǹkan, nígbà tí ó sì fi máa di ọdún 1996, àwọn ọmọ Yorùbá ti gba gbogbo rẹ̀ tán. Ará mọ́ṣáláṣí kan náà ni púpọ̀ nínú wọn. Wọ́n gbin ilá, ata, tẹ̀tẹ̀, kùkúńbà, elégédé, àti bàrà tí wọ́n ń gba ẹ̀gúsí nínú rẹ̀. Ìwé ìjọba ní kí wọ́n yan ẹnì kan tí yóò máa tọ́jú kọ́kọ́rọ́ ẹnu ọ̀nà àti rọ́bà omi. Ipò tí wọ́n yan Alhaji Ṣítù sí nìyẹn. Kọ́kọ́rọ́ kan, rọ́bà kan. Gbogbo orúkọ yòókù, òun fúnra rẹ̀ ni ó sọ ara rẹ̀.

Ẹ má sì dá a lẹ́bi jù. Láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Jímọ̀, inú yàrá tí wọ́n ń kó bébà àti bírò sí ni Alhaji máa ń wà, ní ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kan ní Suitland. Àwọn ọmọ tí kò tó ọmọ rẹ̀ á wọlé, wọn á ní, "Hi, Situ," wọn á mú bírò, wọn á sì bá tiwọn lọ. Ẹni tí wọ́n ń pè ní Situ fún ọjọ́ márùn-ún, tí ó bá di Sátidé, àfi kí ó gbẹ̀san lára ẹnì kan.

Nítorí náà, ní aago mẹ́wàá gbogbo Sátidé, Alhaji á fọn fèrè. Kálukú á sáré dúró sí ìbẹ̀rẹ̀ ojú oko rẹ̀, ọkọ́ rẹ̀ á wà lọ́wọ́ rẹ̀ lóòró bí ìbọn ṣọ́jà. Alhaji á wá máa rìn kọjá díẹ̀díẹ̀. Taofeek, akọ̀wé ẹgbẹ́, á máa tẹ̀ lé e pẹ̀lú àga tí ó ṣeé ká, kí ó lè tẹ́ ẹ níbikíbi tí ó bá rẹ Alága. Taofeek kò gbin nǹkan kan sí ojú oko tirẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí ó máa pariwo.

"Baba gbogbo ohun tí ń hù! Ilá rí yín, ó nà!"

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún ọdún yẹn, Alhaji gbé ọmọ elégédé kan wá gbìn. Ewé rẹ̀ kò dà bí ewé elégédé. Ó ní àwọ̀ ìyeyè lójú kan, àwọ̀ ewéko dúdú lójú kejì, gbogbo rẹ̀ sì súnkì. Ẹni tí ojú rẹ̀ dá ṣáká á ti mọ̀ pé nǹkan ń ṣe é. Ṣùgbọ́n Taofeek ni ó kọ́kọ́ dé ibẹ̀.

"Ha! Ewé lẹ́ẹ̀sì!" ni ó kígbe. "Ẹ wo iṣẹ́ ọnà! Kò tíì sí irú rẹ̀ ní gbogbo Maryland!"

Bí ó ṣe di ewé lẹ́ẹ̀sì nìyẹn. Alhaji ní àlejò pàtàkì kan ni ó fi ta òun lọ́rẹ. Ọ̀sẹ̀ kejì ni wọ́n gbé òfin jáde: ẹnikẹ́ni tí ó bá gbin ohunkóhun tí ń rá nílẹ̀ sínú ife, kí ó gbé ife náà wá sí ẹ̀gbẹ́ elégédé Alága fún ọjọ́ méje, kí ó fi kí i, kí ó tó lọ lọ́ ọ sí ojú oko tirẹ̀. Òfin Ìkíni ni wọ́n pè é. Àwọn àgbàlagbà tí wọ́n ní ilé tiwọn ní Lake Arbor, tí àwọn ọmọ wọn ti di dókítà, wọ́n tò láti gbé ife bàrà wá kí elégédé. Èmi kọ́ ni mo bá wọn ṣe é, ẹ̀rín lásán ni mo ń rín.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kò gbé ife tirẹ̀ wá. Abibat ni, ìyá Fatima.

Ọdún kọkànlá Abibat rèé ní ilé ìwádìí ọ̀gbìn kan ní Beltsville. Òun ni ó ń fọ ìkòkò, tí ó sì ń bomi rin ewéko nínú ilé onígíláàsì tí wọ́n ti ń dán nǹkan wò. Kò kàwé jìnnà, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ kò di. Ohun tí ó ní ní ọdún yẹn ni hóró bàrà márùn-ún. Ìyá rẹ̀ ni ó di í sí etí gèlè kan fún un ní Ìsẹ́yìn, nígbà tí ó lọ kí i kẹ́yìn. Ìyá náà kú nínú oṣù Ràmàdáánì. Ilẹ̀ tí bàrà náà ti ń so ti di ilé epo báyìí, kò sì sí ẹni tí ó ní irú rẹ̀ mọ́ nínú ẹbí. Tí márùn-ún yẹn kò bá so, ó parí nìyẹn. Nígbà tí Abibat sì rí ewé lẹ́ẹ̀sì yẹn, àyà rẹ̀ já, nítorí ó mọ̀ ọ́n dáadáa.

Ó lọ bá Alága lórí àga rẹ̀.

"Alhaji, ẹ kú ìjókòó sà," ó ní, ó sì kúnlẹ̀ díẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ elégédé yẹn ni."

"O wá kí i?"

"Rárá sà. Ara ẹ̀ ni ò yá."

Taofeek fi ọwọ́ di etí méjèèjì bí ẹni tí wọ́n bú ní ìyá.

"Níbi iṣẹ́ wa, inú yàrá tí wọ́n máa ń lock ni wọ́n ń kó irú ewé yìí sí," Abibat ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. "Fáírọ́ọ̀sì ló wà lára ẹ̀. Iná ewé ló sì máa ń gbé e kiri."

Iná ewé yìí, òun ni kòkòrò wẹ́wẹ́ tí ó máa ń dì mọ́ abẹ́ ewé bí iná orí ṣe ń dì mọ́ irun. Òmíràn ní ìyẹ́, òmíràn kò ní.

"Ẹnu ẹ̀ dà bí abẹ́rẹ́, sà. Tó bá ti bà lórí ewé, á kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, bóyá oúnjẹ òun ni. Ìtọ́wò yẹn ò tó minute kan. Tí fáírọ́ọ̀sì bá wà nínú ewé yẹn, á lẹ̀ mọ́ ẹnu ẹ̀. Tó bá tún fò lọ tọ́ ewé míì wò, ó ti fi sílẹ̀ fún ìyẹn náà nìyẹn. Èyí tó bá jókòó sójú kan tó ń mu láti àárọ̀ dalẹ́, wàhálà tiẹ̀ ò pọ̀. Èyí tó ń tọ́ ibí wò, tó ń tọ́ ọ̀hún wò, òun gan-an lọ̀gá. Àwọn ife tá à ń kó yí elégédé yín ká yìí, ẹ̀yin náà ẹ wò ó sà."

Alhaji dìde. Nígbà tí ó bá dìde báyìí, àsọyé ti dé nìyẹn.

"Ìyá Fatima! Ìwọ tí o ń fọ ìkòkò òdòdó, ìwọ ni o fẹ́ kọ́ mi ní ohun tí ewé jẹ́? Èmi tí mo ti rí ewé ní Ìbàdàn! Tí mo rí ewé ní Lọ́ńdọ̀nù! Tí mo rí ewé ní Mẹ́kà, níbi tí ewé kò pọ̀ sí! Kòkòrò tí kò tó orí abẹ́rẹ́ kò lè wọ inú oko tí mo jẹ́ alága rẹ̀ láì gba àyè lọ́wọ́ mi. Ta ni ó fún un ní kọ́kọ́rọ́?"

"Kò sẹ́ni tó fún un, sà!" Taofeek dáhùn. "Mo ti check ìwé wa. Kò sí orúkọ ẹ̀ níbẹ̀!"

"Tí o bá fẹ́ kí wọ́n fa ohunkóhun tu nínú oko yìí," Alhaji ní, "ọ̀nà wà. Kọ fọ́ọ̀mù."

Fọ́ọ̀mù wà lóòótọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò, Alága nìkan ni ó sì lè fọwọ́ sí i. Iná ewé kò nílò ju ìṣẹ́jú kan lọ. Abibat kọ ọ́ síbẹ̀síbẹ̀. Níbi tí wọ́n ti béèrè ohun tí ó fẹ́ kí wọ́n fà tu, ó kọ "Elégédé Alága." Taofeek gbà á, ó fún un ní ẹ̀dà kan, ó sì fi èyí tí ó kù nu bàtà Alhaji.

Abibat padà sí ilé, ó tú kọ́tìnì funfun kan tí ojú rẹ̀ wẹ́ bí asẹ́, ó gé e, ó rán an, ó sì fi bo bàrà márààrún tí ó ti hù ní ojú oko rẹ̀. Ó ri etí rẹ̀ mọ́ ilẹ̀ yíká kí iná ewé má baà rí ọ̀nà wọlé. Nígbà tí òdòdó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, oyin kò lè wọlé mọ́, nítorí náà lójoojúmọ́, lẹ́yìn ìrun àsùbáà, òun fúnra rẹ̀ á wọ abẹ́ aṣọ náà lọ. Á ká òdòdó akọ, á fi ìyẹ̀fun inú rẹ̀ pa òdòdó abo lára, á máa bá wọn sọ̀rọ̀ bí ìyá rẹ̀ ti máa ń ṣe. Ibi iṣẹ́ ni ó ń gbà lọ láti ibẹ̀, pẹ̀lú ìyẹ̀fun òdòdó lórí ìka.

"Bàrà tó wọ híjáàbù!" Taofeek ń pariwo ní Sátidé, gbogbo oko sì rẹ́rìn-ín. "Kí ló ń fi pamọ́ fún Alága wa?"

Kò pẹ́ tí ẹ̀rín náà fi gbẹ lẹ́nu wọn. Ilá àti ata kò ṣe nǹkan kan, ṣùgbọ́n ohun tí ń rá nílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í di lẹ́ẹ̀sì lọ́kọ̀ọ̀kan. Kùkúńbà Bàbá Ẹkúndayọ̀, àgbàlagbà tí ojú oko rẹ̀ sún mọ́ ẹnu ọ̀nà, ni ó kọ́kọ́ lọ. Ó so wẹ́wẹ́, gbogbo ara rẹ̀ sì yọ kókó. Wọ́n pe ìpàdé. Alhaji sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan àti ààbọ̀. Ó ní àìsàn wọ inú oko, kì í sì í ṣe inú ohun tí ó wà ní gbangba ni ó ti wá, nítorí ohun tí ara rẹ̀ yá kì í bojú. Ó wo kọ́tìnì Abibat bí ó ti ń sọ bẹ́ẹ̀. Níbẹ̀ ni ó ti kọ Òfin Kọkàndínlógún pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀: ẹnikẹ́ni tí ó bá mú ohun ọ̀gbìn tí ó ń ṣàìsàn wọ inú oko, kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fà á tu lójú gbogbo ẹgbẹ́, kí ó sì fi ipò tí ó bá wà sílẹ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Abibat kò pàtẹ́wọ́.

Lẹ́yìn òfin ni ogun. Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù keje, wọ́n gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fín oògùn kòkòrò wá. Alhaji dé fìlà tuntun, ó sì pàṣẹ pé kí gbogbo aṣọ tí ó bo ewé kúrò kí oògùn lè dé ibi gbogbo.

"Alhaji, mo bẹ̀ yín," Abibat ní. Lọ́tẹ̀ yìí, ó kúnlẹ̀ dé ilẹ̀. "Oògùn yẹn ò ní tètè pa wọ́n kí wọ́n tó tọ́ ewé wò. Ńṣe ló máa dà wọ́n láàmú. Wọ́n á máa fò láti ibí dé ọ̀hún, wọ́n á máa tọ́ gbogbo ẹ̀ wò. Ẹ fi tèmi sílẹ̀. Bàrà ìyá mi ni. Kò sí òmíràn mọ́."

"Òfin kò mọ ìyá," Alhaji dáhùn. Taofeek sì ká kọ́tìnì náà, ó fi lé èjìká bí ẹni tí ó gba ife ẹ̀yẹ.

Wákàtí méjì péré ni bàrà wà ní ìhòòhò. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ewé kan tí ń rá nílẹ̀ nínú oko tí kò ní àwọ̀ méjì. Taofeek ka ìròyìn fún ìpàdé pé ogun ti yọrí sí rere, nítorí gbogbo oko ti jọ ti Alága báyìí. Mẹ́rin nínú bàrà Abibat ni ó di lẹ́ẹ̀sì. Kò dúró de fọ́ọ̀mù kankan. Ó fà wọ́n tu, ó di wọ́n sínú ọ̀rá, ó sì jókòó sórí ilẹ̀, ó sunkún bí ọjọ́ tí wọ́n pè é láti Ìsẹ́yìn. Ọ̀kan ṣoṣo ni ó kù, èyí tí ó wà ní kọ̀rọ̀ lẹ́yìn ilá gíga. Ó gba kọ́tìnì rẹ̀ padà lọ́wọ́ Taofeek pẹ̀lú agídí, ó sì bo ọ̀kan yẹn.

Ìparí oṣù keje ni ọjọ́ ńlá pé. Ọ̀gbẹ́ni Jeremiah, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà tí ó ń bójú tó àwọn oko kántì, ń bọ̀ wá yan ohun tí wọ́n máa gbé lọ sí ìpàtẹ ohun ọ̀gbìn ti kántì. Alhaji ti fi aṣọ àlà bo èso elégédé rẹ̀ láti ọjọ́ mẹ́ta. Alhaja Alimat, ìyàwó rẹ̀, jókòó sí iwájú. Alhaji bẹ̀rẹ̀ àsọyé, ó ti Ìbàdàn dé Lọ́ńdọ̀nù, ó ti Lọ́ńdọ̀nù dé Mẹ́kà, Ọ̀gbẹ́ni Jeremiah sì ń wo aago ọwọ́ rẹ̀.

"Mo ṣí i!" Alhaji ké, ó sì fa aṣọ náà.

Ohun tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ kò ju ìkúùkù ènìyàn lọ. Ó wọ́, ó yọ kókó kiri ara bí ẹsẹ̀ tí yànmùyánmú jẹ.

Ọ̀gbẹ́ni Jeremiah bẹ̀rẹ̀, ó yí ewé kan padà, ó wo abẹ́ rẹ̀, ó sì wo oko yíká. "Fáírọ́ọ̀sì nìyí," ó ní ní èdè tirẹ̀. "Ó ti pẹ́ lára èyí ju ti àwọn tó kù lọ. Láti ibí ló ti tàn. Níbo lẹ ti rí i?"

"Àlejò pàtàkì kan—" Alhaji bẹ̀rẹ̀.

"Bàbá Rayyan, ẹ jọ̀ọ́, ó tó," Alhaja Alimat ní fún ọkọ rẹ̀, ó sì kọjú sí Ọ̀gbẹ́ni Jeremiah. "Ẹ̀yìn shop tí wọ́n ti ń ta òdòdó ló ti ṣà á, nínú àwọn tí wọ́n ti kó dànù. Mo ní kó má mú un. Ó ní ó jọ lẹ́ẹ̀sì òun."

Ọ̀gbẹ́ni Jeremiah béèrè bóyá ẹgbẹ́ ní òfin lórí irú nǹkan báyìí. Ọ̀ràn dé! Taofeek ti ṣí ìwé kí ó tó parí ọ̀rọ̀. Ó ka Òfin Kọkàndínlógún láti òkè délẹ̀ pẹ̀lú ohùn tí ó fi ń ki Alága, nígbà tí ó sì parí, gbogbo ènìyàn rí i pé ó ti tẹ́ àga tí ó ṣeé ká sẹ́yìn Ọ̀gbẹ́ni Jeremiah.

Òógùn bo Alhaji. "Ohun gbogbo ní ọ̀nà," ó ní. "A kò kàn lè fa nǹkan tu. Fọ́ọ̀mù wà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta—"

Abibat na ìwé kan sí i. Ẹ̀dà fọ́ọ̀mù rẹ̀ ni, ó ti gbó ní etí.

"Èyí ti lo ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, sà," ó ní jẹ́jẹ́. "Ọwọ́ yín nìkan ló kù."

Alhaji ki ọwọ́ bọ àpò, ó mú ọ̀kan nínú bírò Suitland jáde, ó sì fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú fìlà tuntun rẹ̀, ó di elégédé mú, ó fà á. Gbòǹgbò rẹ̀ kò jinlẹ̀ rárá. Ẹ̀ẹ̀kan ló fà á, ó sì jókòó sílẹ̀ gbì. Bàbá Ẹkúndayọ̀ ni ó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin tí mo ní kí ẹ dìde, ẹ lè jókòó o. Ẹ má bínú, mo ti gbàgbé yín.

Wọ́n gbé kọ́kọ́rọ́ fún Abibat. Ó ní òun kò fẹ́ fèrè, wọ́n sì gbé fèrè fún ọmọ ọmọ Alhaji láti fi ṣeré. Gbogbo ohun tí ń rá nílẹ̀ ni wọ́n fà tu ní ọjọ́ kan náà, àyàfi ọ̀kan lábẹ́ kọ́tìnì. Alhaji Ṣítù kò sá. Ó padà wá ní Sátidé tí ó tẹ̀ lé e pẹ̀lú ọkọ́ tí kò tíì lò rí, ó ń bu ilẹ̀ fún ilá, kò sì sọ ju "ẹ kú iṣẹ́" lọ. Kí n sọ òótọ́, àánú rẹ̀ ṣe mí díẹ̀.

Ní àárọ̀ Sátidé kan nínú oṣù kẹjọ, Abibat wà lábẹ́ kọ́tìnì rẹ̀. Bàrà kan ti so, ó ti tó orí ọmọ tuntun, ara rẹ̀ ń dán, kò ní kókó kankan. Abibat ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a jẹ́jẹ́ láti gbọ́ ìró rẹ̀, bí wọ́n ti máa ń ṣe ní Ìsẹ́yìn. Ó ti rò ó pé gbogbo ojú oko mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlélógún ni òun máa pín hóró rẹ̀ fún ní ọdún tí ń bọ̀, ti Alhaji náà pẹ̀lú.

Ó gbọ́ ohùn níta.

"Alága wa tuntun! Olùdarí Ìlà Mẹ́rìnlélógún! Ìyá Gbogbo Ohun Tí Ń Hù!" Taofeek ni. Ó ti tẹ́ àga tí ó ṣeé ká. "Ẹ jáde wá jókòó, Mà. Bàrà rí yín, ó wú!"

N kò ní parọ́ fún yín. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí Abibat. Orúkọ yẹn ni ó dùn jù, Ìyá Gbogbo Ohun Tí Ń Hù. Ó dùn ún gbọ́ fún ìwọ̀nba àsìkò tí kò tó ìṣẹ́jú kan.

"Taofeek," ó ní láti abẹ́ aṣọ, "níbo lo ti ń bọ̀ láàárọ̀ yìí?"

"Ọ̀dọ̀ Alhaji Ṣítù ni mo kọ́kọ́ yà sí, Mà. Mo ní kí n kí i. Lẹ́yìn ẹ̀ mo dé ọ̀dọ̀ Mr. Jeremiah. Ibí wá ni mo gbà wá tààrà."

Abibat wo bàrà rẹ̀. Ó wo òjìji ọkùnrin náà lára kọ́tìnì, bí ó ti ń tẹ̀ síwájú, tí ó sì ti na ọwọ́ láti gbé etí aṣọ sókè. Ó wá mú etí aṣọ náà láti inú, ó fà á mọ́lẹ̀, ó ri í mọ́ iyẹ̀pẹ̀, ó sì gbé òkúta kan lé e.

"Níta níbẹ̀ náà ni kó o dúró sí," ó ní.